Ẹnu Bàbá Wọn

Ẹ má ti ilẹ̀kùn gbàmù.
Ẹ rọra tẹ pákó. Orí omi nilé wa ní Banggai,
bí ẹ bá ṣísẹ̀, àgbá dígí á gbọ́.
Akọ ẹja kan ń bẹ níbẹ̀
tí kò fi nǹkan kan sẹ́nu láti ọjọ́ mẹ́tàlélógún.
Ebi ló wà nínú, ọmọ ló wà lẹ́nu.

Lamusu ọkọ mi ló ń ṣọ́ ọ, kò sùn, kò wo.
Ọkùnrin yìí kan náà ni!
Òun ló máa ń rì lọ sísàlẹ̀ òkun
pẹ̀lú rọ́bà ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ lẹ́yìn eyín,
ìgò májèlé lọ́wọ́,
á fọ́n ọn sínú ihò iyùn,
òòyì á kọ́ ẹja, á máa ṣà wọ́n bí ẹni ń ṣa ẹ̀pà.
Bó bá kó mẹ́wàá, mẹ́fà á kú kó tó dé Luwuk.
Etí ọ̀tún rẹ̀ dí síbẹ̀.
Òkun kì í ta àwìn.

Nígbà tó gé búrọ́ọ̀ṣì dúdú
tó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta, kó lè jọ òòrẹ̀ inú omi
(àárín ẹ̀gún nìkan lẹja yìí ti ń rí oorun sùn),
mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.
Ẹja ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó wọlé.

Lóṣù tó kọjá, oníbàárà wa gbé ọkọ̀ rẹ̀ dé,
ẹ́ńjìnnì ń ké bí ẹni wọ́n ń dá lóró.
Gbì! Bàbá gbé ọmọ mì.
Gbogbo wọn.
Ó wá ń wò wá bí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.
Lamusu ò bínú. Ó ní, “Ẹ̀rù ló bà á.
Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí.”
N ò bi í pé kí ló gbé mì.
Rusnia ọmọ wa wà ní Manado,
ọdún mẹ́ta rèé tí òun àti bàbá rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn.

Lóru àná, ẹnu là.
Ọ̀kan yọ, kò tó èékánná ọmọdé,
wọ́n ti kọ ilà dúdú sí i lára kó tó jáde.
Òmíràn. Òmíràn.
Mo kà á dé mẹ́tàdínlógún, ojú mi dàrú.
Wọn á dàgbà, wọn á wọ ọ̀rá, wọn á wọ bàálù
lọ sí pálọ̀ ẹni tí a ò ní mọ̀ láé;
àwa á san gbèsè ìrẹsì.

Bàbá wọn ń la ẹnu, ó ń pa á dé,
bí ẹni tí ọ̀rọ̀ bọ́ sọnù lẹ́nu rẹ̀.
Lamusu fún un ní edé, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò,
ó gbé fóònù, ó gbé e sí etí òsì.
Ó ń dún lọ́hùn-ún.
Ó ń dún.