Ẹsẹ̀ Lórí Àtẹ̀gùn

Ní Láfíàjì, lókè pẹ́tẹ́ẹ̀sì onípákó,
ìyá ìyá mi, Ràbíátù, kò ríran mọ́ láti ọdún mẹ́sàn-án.
Àtẹ̀gùn mẹ́tàdínlógún ló wà níbẹ̀:
ìkẹfà ń ké, ìkọkànlá ti jẹrà ṣáájú ìbí mi.
Etí ló fi ń mọ ẹni tó ń bọ̀.
"Ìyẹn Síkírátù, ó gbé omi lọ́wọ́ òsì."
"Ìyẹn agbowó iná. Kò sáré, kò dúró."

Lágogo méjì òru ní Akọ́ka, èmi náà ń tẹ́tí.
Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ti kú, ọ̀sà ń mí lẹ́yìn fẹ́ńsì,
bátìrì mi ṣẹ́ ku wákàtí kan.
Orísun ìtànṣán gámà, ẹgbẹ̀rún méjì,
nọ́ńbà nìkan la fi ń pè wọ́n.

Àwọn kan ń tàn déédé;
ìlà agbára wọn gòkè, ó tẹ̀ bí ẹ̀yìn arúgbó, ó wálẹ̀:
ó jọ òkú ìràwọ̀ tó ṣì ń yí bí òòyì.
Àwọn kan, òní wọn kì í jọ àná,
wọ́n á bú jáde lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n á ṣú lóṣù tó ń bọ̀:
ó jọ ihò dúdú ọ̀nà jíjìn
tó ń jẹ, tó ń bì, ojú wa ló kọ sí.

Mo gbin ẹgbẹ̀rún igi sínú kọ̀ǹpútà,
torí igi kan kì í dágbó ṣe.
Mo fi àwọn tá a ti mọ̀ kọ́ wọn,
mo ní kí wọ́n dìbò lórí àwọn tá ò mọ̀.
Wọn kì í ní "òun ni". Wọ́n á ní "ó jọ":
ìdá mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ó jọ.

Ọ̀kan wà tó tú wọn ká.
Ìdá mọ́kànléláàádọ́ta. Mo tún ìbò dì:
mọ́kàndínláàádọ́ta.
Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọṣífẹ̀sọ̀ ní kí n yọ ọ́, kí tábìlì lè mọ́.

Ní Sátidé tó kọjá, ẹsẹ̀ kan gun àtẹ̀gùn ní Láfíàjì.
Ìkẹfà ké.
Ó dé ìkọkànlá, ó fò ó.
Àlejò kì í mọ̀ pé ó yẹ kóun fò ó.
Màmá gbé orí sókè. Ó pẹ́.
Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó bá ọkọ̀ òkun lọ lọ́dún kọkànlélógún sẹ́yìn,
mo rí i tí orúkọ náà dé ètè rẹ̀,
tó gbé e mì.
"N ò mọ̀ ọ́n," ó ní. "Ẹ wọlé."

Mo fi í sílẹ̀ nínú tábìlì.
Níbi tí orúkọ yẹ kó wà, mo kọ ọ́: a ò tíì mọ̀ ọ́n.
Mo sáré fi pamọ́ kí bátìrì tó kú.