Ìgò Méjì

Ìgò méjì ni mo gbé wọ yàrá àyẹ̀wò láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀:
ọ̀kan láti Sábó ní Ṣágámù, lọ́wọ́ Díjè aya Jọ́dà,
tó fún màlúù rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán;
ọ̀kan láti ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìsarà,
èmi ni mo fún un, ewúrẹ́ sì ta mí nípàá lórúnkún.

Ẹ wo àwọ̀ wọn ná, kí n tó sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ.
Ti màlúù pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, bí omi tí a fi ṣan ìgò epo.
Ti ewúrẹ́ funfun báláú.
Ewéko kan náà ni wọ́n jọ jẹ.
Màlúù jẹ ẹ́, ó fi àwọ̀ rẹ̀ han ayé;
ewúrẹ́ jẹ ẹ́, ó sọ ọ́ di oúnjẹ ojú,
kò sì wí fún ẹnikẹ́ni.
Mo gbé méjèèjì kalẹ̀ títí di ọ̀sán.
Ọ̀rá màlúù gòkè, ó jókòó sí ọrùn ìgò bí olóyè.
Ti ewúrẹ́ fọ́n káàkiri, wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́,
bí ọmọ ilé-ìwé tí kò tí ì gbọ́ agogo.

Iná lọ.
A jókòó.
Iná dé.

Ọ̀gá Ṣówándé ní kí n wá wo bébà tí ẹ̀rọ ń pọ̀:
òkè ṣóńṣó, òkè ṣóńṣó, bí eyín ayùn,
òkè kọ̀ọ̀kan, ásíìdì ọ̀rá kan.
Àwọn tí ẹ̀wọ̀n wọn kúrú ló ń kọ́kọ́ jáde.
Ní kábọ́ọ̀nù mẹ́rin, màlúù ló borí.
Ní mẹ́fà, ejìká wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.
Ní mẹ́jọ, ewúrẹ́ ti ṣíwájú.
Ní mẹ́wàá, ha! òkè ewúrẹ́ ga tó òkè màlúù mẹ́ta.
"Àwọn mẹ́ta yìí," ni ọ̀gá wí, "mẹ́fà, mẹ́jọ, mẹ́wàá,
orúkọ ewúrẹ́ ni àwọn ará Róòmù àtijọ́ jẹ́ kí á fi pè wọ́n.
Àwọn náà ló ń rùn lára òbúkọ."
Ó rẹ́rìn-ín.
Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Mo mọ òórùn yẹn kí n tó mọ orúkọ ara mi.
Ẹni tó bí mi kò dé ọjọ́ ìsọmọlórúkọ.
Wàrà inú agolo wọ́n bí ojú lọ́dún náà.
Efúnyẹlá, ìyá ìyá mi, tó ń yan gàárì títí ilẹ̀ fi ń ṣú,
wọ ẹ̀yìn ààrò lóru, ó di ewúrẹ́ kan lẹ́sẹ̀ mú,
ó fún un sínú ago, ó sè é, ó bomi là á,
ó fi ṣíbí kán an sí mi lẹ́nu.
Ta ló ń mu wàrà ewúrẹ́ ní Ìsarà?
Kò wí fún aládùúgbò kankan.
Ṣùgbọ́n òórùn kì í bo àṣírí.
Ní kíláàsì kejì, wọ́n ń dímú tí mo bá kọjá,
wọ́n ń ké "mẹ̀ẹ̀ẹ̀" lẹ́yìn mi.

Wọ́n ní ásíìdì, kíkan ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn.
Kí ló kàn mí? Ọmọ ilẹ̀ gàárì ni mí.
Ẹni tó ra gàárì Ìjẹ̀bú tí kò kan, owó rẹ̀ ló sọnù.

Mo ká bébà náà, mo gbé e lọ sílé.
Ojú Màmá ti ń ṣe bàìbàì.
Mo mú ìka rẹ̀, mo fi gun òkè kẹwàá.
"Ọ̀rá kúkurú nìyí, Màmá. Ó máa ń tètè dà nínú ikùn."
(Ọ̀gá ní wàrà ewúrẹ́ nìkan kò tó fún ìkókó,
pé ohun kan wà tí ẹ̀jẹ̀ ń fẹ́ tí kò sí níbẹ̀.
N kò sọ èyí.)
"N kò mọ̀wé," ó ní. "Mo kàn rí i pé o dákẹ́ ẹkún."
Ìka rẹ̀ ṣì wà lórí òkè náà.
"Ta ló fún ewúrẹ́ ọ̀hún?"
"Èmi ni."
"Ó ta ọ́ nípàá?"
"Ó ta mí."
"Ìran wọn ni. Ìyá-ńlá rẹ̀ ta èmi náà."