Níbi Ẹ̀rọ Omi ní Deidei

Aago márùn-ún kò tíì lù.
Ọyẹ́ ti sán mi létè bí ilẹ̀ tí omi kò tó nínú sìmẹ́ńtì rẹ̀.
Kẹ́ẹ̀gì méjì wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi,
ọmọ ọjọ́ mẹ́rìnlélógún wà lẹ́yìn mi.
Ìró Ìbídùn ni mo fi pọ̀n ọ́n,
mo wá da jákẹ́ẹ̀tì bò ó
bí ẹni tó jí ewúrẹ́ gbé.

Èmi Àkànmú, tí mò ń lẹ táìlì sílé àwọn ọlọ́lá ní Maitama,
tí mo lè fi ojú lásán mọ ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́,
n kò mọ ọjọ́ tí ilé tèmi dà gẹ̀rẹ́.

Kì í ṣe àìsàn tí à ń tìtorí rẹ̀ sáré lọ ra oògùn.
Ara Ìbídùn kò gbóná. Ó kàn ń wo ògiri.
Bí ọmọ bá ké, á wò ó
bí ẹrù aládùúgbò tí wọ́n já sílé rẹ̀ ní àṣìṣe.
Ó ní, "Gbé e fún ìyá rẹ̀."
Mo ní, "Ìwọ mà ni."
Ó ní, "Rárá o,"
ó tún kọjú sógiri.

Ìyá mi pè láti Òkèihò: mo ní a wà dáadáa.
Ọ̀gá pè: mo ní ibà ló ń ṣe mí.
Pásítọ̀ pè: mo ní ọpẹ́ ni f'Ólúwa.
Irọ́ mẹ́ta lóòjọ́,
kò sì sí èyí tó lè bá mi fọ aṣọ ìtọ̀ nínú wọn.

Kẹ́ẹ̀gì tò bí ọmọ iléèwé níwájú ẹ̀rọ.
Habu tó ń fi ọmọlanke ta omi
ló kọ́kọ́ gbọ́ tí jákẹ́ẹ̀tì mi ń sunkún.
"Kai, Bàyárábè! Kí ló wà lẹ́yìn rẹ?"

Irọ́ kẹrin ti dé ètè mi, ó ti múra tán.
Àfi bí ọmọ ṣe tọ̀ sí mi lára,
ìtọ̀ kékeré, nínú ọyẹ́ yẹn,
ohun lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan ṣoṣo tó kàn mí láti ìgbà tó ti pẹ́.
Mo gbọ́ tí ẹnu mi ń wí pé:
"Ẹ gbà mí. Ìyàwó mi kò mọ ọmọ rẹ̀ mọ́.
Ó ti sú mi, n kò sì mọ ohun tí mo lè ṣe."

Mo ń retí ẹ̀rín.
Omi kún kẹ́ẹ̀gì ẹnì kan, ó ń ṣàn dànù,
kò sẹ́ni tó rántí tì í.

Terkaa, ará Tífì tó ń jó irin,
tí kì í kí ènìyàn, tí gbogbo wa ń pè ní agbéraga,
ló gbé kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀ sílẹ̀.
"Bẹ́ẹ̀ ni tèmi náà rí lórí àkọ́bí wa.
Oṣù mẹ́rin. N kò wí fẹ́nì kan,
mo rò pé èmi nìkan ni.
Ó lórúkọ. Ó ń lọ. Mo mọ dókítà kan ní Gwagwalada."

Ẹnì kan ní kí n wádìí ọwọ́ ayé nínú ọ̀rọ̀ náà.
A dákẹ́ fún un títí ó fi gbé omi rẹ̀ lọ.

Habu tú ìró, ó tún un dì:
"Bí àpò sìmẹ́ńtì lo ṣe dì í. Ọmọ ni, yàránrán."
Àbúrò márùn-ún ló pọ̀n dàgbà ní Daura.
Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyàwó Baba Zakwoyi ti gbé kúnú wá,
ó jókòó ti Ìbídùn, kò bi í ní nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọkùnrin mẹ́ta ló bá wa wọkọ̀.
Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń jiyàn lé lórí títí dé Gwagwalada,
kí n má baà ní láti sọ̀rọ̀.

Kò tíì yá.
Ṣùgbọ́n lánàá, Ìbídùn wẹ̀yìn mi.
"Ta ló kọ́ ọ ní pípọ̀n?"
Mo ní, "Habu ni."
Ó na ìka kan, ó fi kan àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ,
bí mo ṣe máa ń tẹ táìlì wò
bóyá ó ti mú.
Kò tíì mú.
Ṣùgbọ́n ó tẹ̀ ẹ́ wò.