Ìwé Kan Ló Kù

Òjò Hull bá wa dé ẹnu ọ̀nà,
a gbọn agbòjò, a wọlé.
Wọ́n mú Ìṣọ̀lá lọ sí yàrá kan, wọ́n mú mi sí òmíràn.

“Pásípọ́ọ̀tù dà? Bíìlì iná tó ní àdírẹ́sì dà?”
Mo kó wọn lé tábìlì.
“Ọjọ́ wo ni wọ́n bí i?”
Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ iye ṣúgà tó ń bù sí tíì pẹ̀lú,
obìnrin náà ò bi mí léèrè ìyẹn.

Ó ní ó ku ìwé kan: ti ikú Adégòróyè.
Ọdún mẹ́sàn-án ló ti wà nínú báàgì,
mi ò ṣí i wò rí.
Ó ka orúkọ ọkọ mi jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni ń kí i,
ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ó dá a padà.

Wọ́n á lẹ orúkọ wa mọ́ ògiri fún ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n,
kí ẹni tó bá lẹ́jọ́ wá rò ó.
Ta ni yóò wá?
Ẹni tó lè bínú ti wà nínú báàgì mi.

Níta, Ìṣọ̀lá ní kí ni wọ́n bi mí.
Mo ní, “Ọjọ́ ìbí rẹ.”
Òjò ṣì ń rọ̀.