Igun Tí Rosendo Wọ̀n

Òjò Chiloé kì í tọrọ àyè kó tó rọ̀.
Láti ìdájí ló ti ń lu pákó orí ilé ẹ̀kọ́ wa,
ọmọ mẹ́tàdínlógún sì ká sítóòfù onígi mọ́,
bàtà rọ́bà wọn ń kán tó, tó, lẹ́nu ọ̀nà.
Mo kọ ọ́ gàdàgbà sójú pátákó: IGUN.
Mo fa ìlà méjì láti ojú kan ṣoṣo.
Mo ní, "Ibi tí wọ́n ti pínyà nìyí.
Báwo ni wọ́n ṣe yà síra wọn tó?"

Yasna Barría ló kọ́kọ́ nawọ́.
Ó ní igun tòun tóbi ju ti Rosendo lọ,
torí òun fa ìlà òun dé etí ìwé,
ti Rosendo ò ju ìka kan lọ.
Gbogbo kíláàsì ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni.
Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti ń gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni yìí.
Kò sú wọn rí.
Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sú mi.

Mo kó wọn lọ sábẹ́ àjà ọkọ̀ ojú omi.
Mo so àjẹ̀ méjì pọ̀ lórí,
mo so pẹ́ńsù méjì pọ̀ lórí,
mo ya àwọn méjèèjì bákan náà.
"Yasna, ki pẹ́ńsù bọ ọ̀fun àjẹ̀."
Ó kì í bọ̀ ọ́. Ó ṣe wẹ́kú.
Ọmọ náà wò mí bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀.
"Gígùn apá kọ́ ni igun, ọmọ mi, yíyà ni.
Bí o bá ń wo òkun, tí o wá yíjú sí mi,
bí o ṣe yíjú tó, òun la fẹ́ wọ̀n."
Mo na ìka sí òrùlé gàgàrà àwọn aládùúgbò:
ẹni tó bá kọ́ òrùlé pẹrẹsẹ ní erékùṣù yìí,
adágún ló kọ́, kì í ṣe ilé.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: ẹ wọn igun kan nílé.
Mo pín ike ààbọ̀ òṣùpá fún wọn, ọ̀kan fún ẹni méjì.
Isolina Millalonco wọn etí ológbò wọn
(ológbò ò gbà, ó fi ọwọ́ hàn mí, ó bó).
Ẹnìkan wọn àkàbà àká ọ̀dùnkún: àádọ́rin.
Ẹnìkan wọn ìgúnpá bàbá àgbà nígbà tó ń mu tíì.
Rosendo Chiguay kọ ìlà kan péré:
*Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé wa. Ogún dígírì.*

Mo ní, "Rosendo, ilẹ̀kùn a máa ṣí, a máa padé.
Ìgbà wo lo wọ̀n ọ́n?"
Ó ní, "Kì í padé, Tíṣà.
Láti ìgbà tí bàbá mi ti lọ rẹ́ irun àgùntàn ní gúúsù,
ìyá mi fi òkúta há a,
ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tì í."

Mo gbé bírò pupa. Mo gbé e sílẹ̀.
Ogún dígírì: igun ṣóńṣó, ológbò ló lè gba ibẹ̀ kọjá.
Ṣùgbọ́n fa ìlà méjèèjì síwájú,
kọjá ebúté, kọjá òkun tó ń ru,
títí dé pápá tí atẹ́gùn ti ń fi irun àgùntàn ṣeré,
wo bí àlàfo náà ṣe rí níbẹ̀.
Odindi ọkùnrin lè sọnù sí i.
Mo ti sọ fún wọn pé gígùn apá kọ́ ni igun.
Mi ò parọ́.
Mi ò kàn sọ ọ́ tán ni.

Lọ́jọ́ kejì, kí aago tó lù, ó dúró nídìí tábìlì mi,
òjò wà lórí ìpéǹpéjú rẹ̀.
"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un ṣe.
Atẹ́gùn sún òkúta náà lóru.
Ó ti di méjìdínlógún."

Mo pa ogún rẹ́.
Mo kọ méjìdínlógún.
Mo máàkì í pé ó gbà á.