Ẹ̀dà Tí A Dán Wò

Afẹ́fẹ́ Punta Arenas kì í fẹ́ni, gbígbá ló ń gbáni.
Ní oṣù Kọkànlá wọ́n a ta okùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì
kí arúgbó lè rí nǹkan dì mú dé báńkì.
Lóru Ọjọ́rú ó mú iná lọ, ó dá a padà, ó tún mú un lọ,
bí ọmọ tó ń fi ilẹ̀kùn ṣeré.
Ilẹ̀ mọ́. Àpótí tẹlifóònù abẹ́ àkàsọ̀
ń fi ojú pupa kan wò mí.

Ogójì tẹlifóònù ni iléeṣẹ́ wa ní,
àwa tí ń di ẹran àti àlùbọ́sà fún ọkọ̀ tó ń lọ sí ilẹ̀ yìnyín.
Mo tan án. Ó jí.
Ṣùgbọ́n ó jí bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí:
kò mọ ẹni tí ń dáhùn lóru,
kò mọ̀ pé bí yàrá ìṣirò bá dákẹ́, ọ̀dọ̀ Mirka ni kí ìpè yà sí.
Obìnrin kan tí a kò mọ̀ rí ń fi Gẹ̀ẹ́sì kí àwọn oníbàárà.
Ọkọ̀ mẹ́ta ń dúró ní èbúté.

"Ẹ fọkàn balẹ̀," ni mo wí, "ẹ̀dà wà."
Ẹnu mi dùn.
Èmi Nélida ni mo ṣètò rẹ̀: ní aago méjì òru, lójoojúmọ́,
kí àpótí da gbogbo ohun tó mọ̀ kọ sórí káàdì.
Níbo ni káàdì wà? Nínú ikùn àpótí.
Mo fà á yọ. Ó ń rùn bí ike tó jóná.
Ta ní ń ti kọ́kọ́rọ́ mọ́nú ilé,
tó wá ń fọ́nnu níta pé òun ní kọ́kọ́rọ́?

Ó ku èyí tó ń lọ sínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì.
Mo ṣí i. Fáìlì tò lọ bẹẹrẹ, oníkálukú pẹ̀lú ọjọ́ tirẹ̀,
igba ó lé àádọ́ta, kò sí alẹ́ kan tó fò.
Kí ló wà nínú wọn?
Òfo. Òfo. Òfo.
Láti oṣù Kẹta tí àyè ti tán nínú kọ̀ǹpútà yẹn,
àpótí ń gbé ẹrù dé lóròòru, kò rí ibi sọ ọ́ kalẹ̀,
ó ń kọ orúkọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń yí padà.

Mirka kò bú mi. Ó kàn wò mí ni.

Mo pe Don Eleuterio, ẹni tó jókòó sórí àga mi tẹ́lẹ̀,
tó ti fẹ̀yìn tì sí Porvenir lódìkejì omi.
Ó ní: "Dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀. Agolo bisikíìtì."
Fláàṣì kan ló wà níbẹ̀, a fi bébà wé e,
ọjọ́ ọdún méjì sẹ́yìn, àti ìkọ̀wé rẹ̀ wíwọ́:
Mo ti dán an wò.

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá.
Lẹ́yìn náà orúkọ ń bọ́ sójú tẹlifóònù lọ́kọ̀ọ̀kan,
títí kan àwọn tó ti lọ ṣiṣẹ́ níbòmíràn,
títí kan 214, yàrá yìnyín: Drago Kusanović.

Drago kú nígbà òtútù tó kọjá.
Yerka ọmọ rẹ̀, tó wà ní yàrá ìṣirò, rí i.
Kò sọ nǹkan kan. Ó tẹ 214.
"Drago nìyí. Ọwọ́ mi dí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ẹ má pariwo."
Ó gbé e sílẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́.
Èbúté ń pè, ń pè; a jẹ́ kó máa pè.

Nísinsìnyí ẹ̀dà kan wà níbí, ọ̀kan wà nílé Mirka,
ọ̀kan ń bá ọkọ̀ ojú omi sọdá lọ bá bàbá ní Porvenir.
Ní Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ inú oṣù
mo máa ń gbé àpótí àlòkù kan sórí tábìlì, mo da ẹ̀dà sí i,
mo fi tẹlifóònù kan pe èkejì, mo dúró kí ó dún.
Bí kò bá dún, n kò ní ẹ̀dà; ìrètí ni mo ní.

Mo ti pa orúkọ àwọn tó lọ rẹ́,
mo ti fi ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí i.
Ó ku 214.
Mirka béèrè ìgbà tí mo máa pa á rẹ́.
Mo ní àyè ṣì wà.