Ẹsẹ̀ fún Mílìn

Òjò Ògèrè kì í kanlẹ̀kùn.
Páànù tó jò lọ́dún tó kọjá ló tún ń jò,
ó ń kán sórí mílìn bàbá mi,
tó, tó, tó, lórí irin tí mo fi epo pa láàárọ̀.
Mo gbé báàfù sí i. Báàfù kún.
Mo ta tapólì bò ó. Atẹ́gùn tírélà ká a lọ.

Ó kù kí ẹ̀rọ náà kúrò níbẹ̀.
Ta ni yóò sọ fún un?
Ìwọ̀n rẹ̀ tó màlúù mẹ́ta tó yó.
Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wọlé, ọkùnrin mẹ́jọ ni,
páìpù omi mẹ́fà ló ń yí lábẹ́ rẹ̀,
"Ẹ tì í! Ẹ dúró! Ẹ tì í!"
Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ bàbá mi ló san owó ẹrù.
Láti ọjọ́ náà ló ti ń wí pé,
"Ẹ̀rọ tó bá ń rìn, iṣẹ́ ló ń sá fún."

N ò bá a jiyàn. Òótọ́ ni.
Mílìn tó bá fi ìwọ̀n irun kan gbọ̀n,
ojú irin tó gé á rí jágajàga
bí àgbàdo tí eku jẹ.
Ẹsẹ̀ oríṣi méjì ni mo wá rò fún un:
èyí tó ń rìn, àti èyí tó ń jókòó.

Mo lọ sẹ́yìn gárééjì àwọn onítírélà,
mo yan irin lára tírélà kan tó dojúdé.
Ó ti dógùn-ún, ṣùgbọ́n mo lù ú, ó dún bí agogo.
Muftáù jó o pọ̀ títí iná ìjọba fi lọ,
a tan jẹnẹrétọ̀, ó tún ń jó o.
Mo ní kó fẹ ìdí rẹ̀ ju ti ẹ̀rọ lọ,
torí orí ló wúwo lára mílìn,
ẹni tó ru ẹrù ńlá kì í pa ẹsẹ̀ pọ̀.
Táyà irin mẹ́rin ní igun mẹ́rin,
bóòtì gbọọrọ mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn:
bó o bá dè wọ́n wálẹ̀, táyà á gbéra kúrò nílẹ̀,
ẹ̀rọ á jókòó bí ẹni tó wá sin gbèsè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta la gbé e.
Jáàkì lábẹ́ igun kan, pákó kan.
Jáàkì lábẹ́ igun kejì, pákó kan.
Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó kéré jù
séèémí bíi pé òun ló gbé e dúró.
A ti ìjókòó tuntun wọ abẹ́ rẹ̀, a yọ pákó.
Mo fi ọwọ́ kan tì í.
Ó rìn.

Ojú ibi tó fi sílẹ̀ funfun lórí sìmẹ́ńtì
bí abẹ́ òrùka ní ìka opó.
Níbẹ̀, nínú èérún irin àti epo dúdú,
sípánà mọ́kàndínlógún.

Sípánà yìí ni wọ́n torí rẹ̀ lé Ṣórẹ̀mí,
ọmọ Ìperu, tó máa ń rẹ gàrí sínú agolo.
Bàbá tú àpò rẹ̀ sílẹ̀ lójú gbogbo wa:
ṣòkòtò kan, ọṣẹ, fọ́tò ìyá rẹ̀.
Ó ní, "Ọ̀gá Odùbẹ̀ṣàn, ẹ wo abẹ́ ẹ̀rọ."
Ta ni yóò gbé màlúù mẹ́ta nítorí sípánà kan?
Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí, mo mọ̀ pé kì í jalè,
mo kọjú sí títì,
mo ń ka tírélà.

Mo nù ún. Kò dógùn-ún rárá,
epo tó ń jò nídìí ẹ̀rọ ti ṣọ́ ọ lọ́dún gbogbo.
Òun náà ni mo fi dè wọ́n, bóòtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin,
títí mílìn fi jókòó
síbi tí òjò kò dé.

Bàbá wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí.
Mo gbé sípánà náà lé e lórí itan.
Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó pẹ́.
Ó ní, "Ìperu kò jìnnà."

Òjò tún ti ṣú.
Mo wọ bàtà mi.